Ẹ Má Fojú Kékeré Wo Gásíkẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi páálí, gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Oríṣiríṣi gásíkẹ́ẹ̀tì ló wà, ṣùgbọ́n ti mánífóòdù tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ni mo fẹ́ sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ irin àti epo. Ìdáhùn mi ni pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Èrò tèmi ni pé nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré yìí bá ba odindi ẹ́ńjìnnì jẹ́ nílẹ̀ wa, kì í sábà jẹ́ pé mẹkáníìkì gọ̀. Ohun tó fà á ni pé ìwé tó sọ bí a ti ń yàn án àti bí a ti ń dè é kò sí ní èdè tí mẹkáníìkì fi kọ́ṣẹ́. Àwa tí a ń kọ́ èdè náà ní yunifásítì sì ń wò ó níran. Kí ẹ má baà sọ pé ẹnu lásán ni mo ń yà, n óò kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà ní Yorùbá, kí ẹ lè rí i pé èdè wa gbà á.

Ohun tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe

Ẹ́ńjìnnì ń mí gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń mí. Mánífóòdù méjì ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń kó èéfín lọ sínú sàléńsà. Èyí tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé dà bí odò tó ya sí ẹ̀ka mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá sìlíńdà tirẹ̀. Ibi tí ẹnu àwọn ẹ̀ka náà ti kan tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń wà. Bó ti wù kí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ́ irin méjì dán tó, àlàfo tí ojú kò rí yóò wà láàárín wọn. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń dí àlàfo náà.

Nígbà tí písítìnnì bá ń lọ sísàlẹ̀, ńṣe ló ń fa afẹ́fẹ́ mu. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ìdúró, agbára afẹ́fẹ́ inú mánífóòdù lè kéré dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti afẹ́fẹ́ ìta. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ìta ń wá ihò tí yóò gbà wọlé nígbà gbogbo. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó gbó, tó ya, tàbí tí wọn kò dè dáadáa ni ògiri tó lanu.

Kí ni aláǹgbá yìí ń bàjẹ́? Pẹtiróòlù kì í jó dáadáa àfi bí afẹ́fẹ́ tó bá a pàdé bá ṣe déédéé. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ jẹ́ nǹkan bí 14.7 sí ìwọ̀n pẹtiróòlù 1. Afẹ́fẹ́ tó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé kò sí nínú ìṣirò náà. Nínú mọ́tò oníkabúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa kú ní oríta. Mẹkáníìkì yóò yí ìdè kan láti gbé eré rẹ̀ sókè. Mọ́tò kò ní í kú mọ́, ṣùgbọ́n ihò ṣì wà níbẹ̀, epo sì ń ṣòfò.

Nínú mọ́tò òde òní tó ń lo bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ọ̀rọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kò hàn sí i. Ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ tó wà lọ́nà sàléńsà bá jíṣẹ́ pé epo kò tó ni bíréènì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo kún un. Bí àfikún náà bá kọjá ààlà, iná yóò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà P0171 tàbí P0174 yóò sì jáde nígbà tí wọ́n bá síkáànì mọ́tò. Àwọn mọ́tò mìíràn ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú mánífóòdù fúnra rẹ̀. Irú ìwọ̀nyí yóò rò pé awakọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, wọn yóò fún un lépo sí i, mọ́tò yóò sì máa sáré lórí ìdúró bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Èyí tó burú jù ni pé sìlíńdà tí epo rẹ̀ kò tó lè máa gbóná ju bó ti yẹ lọ, títí fáàfù rẹ̀ yóò fi jó. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì di ọ̀rọ̀ kí wọ́n sọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà kalẹ̀. Lára ẹ́ńjìnnì mìíràn, pàápàá àwọn onílẹ́tà V, omi rédíétọ̀ náà ń gba ibi gásíkẹ́ẹ̀tì yìí kọjá. Bí ó bá jò sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì yóò funfun bí ẹ̀kọ mímu, agbára rẹ̀ láti dáàbò bo irin yóò tán, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì. Àwọn olùkọ́ wa tó wa Ìjàpá nígbà tí wọ́n ń tò ó ní Ọ̀jọ́ ní Èkó láti ọdún 1975 kò mọ ìyà yìí, nítorí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tu Ìjàpá lára, kò sí omi nínú rẹ̀ rárá. Mọ́tò ìsinsìnyí kì í foríjì ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́, kò sí ẹni tí kò mọ iyì lítà kan. Síbẹ̀, mo ti rí mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì rẹ̀, tí wọ́n fọ nọ́sùlù rẹ̀, tí wọ́n tún ra pọ́ǹpù epo tuntun fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo ẹ̀gbẹ́ mánífóòdù. Àrùn wà lójú, wọ́n ń fi oògùn sí ẹsẹ̀.

Bí a ti ń mọ̀ ọ́n

Kí á tó dá gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, kí á kọ́kọ́ wo àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ mánífóòdù, nítorí àwọn náà ń sán. Lẹ́yìn èyí, kí á fi ẹnu rọ́bà gígùn kan sí etí, kí á sì máa fi ẹnu kejì tọ ojú ìdè mánífóòdù lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ń súfèé ni ihò wà. A sì lè fọ́n omi ọṣẹ díẹ̀díẹ̀ sí ojú ìdè náà: bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, a ti mú olè. Àwọn kan ń wọ́n pẹtiróòlù síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Irin sàléńsà tó ń gbóná kò jìnnà, iná kò sì mọ ẹni tó wá tún mọ́tò ṣe.

Bí a ti ń yàn án

Bí ẹ bá dé Ládìpọ̀ ní Muṣin, tàbí Àràrómì ní Gate n'Íbàdàn, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ti mọ́tò wo?" Ìbéèrè yìí nìkan kò tó. Mọ́tò kan náà, ọdún kan náà, lè ní ẹ́ńjìnnì oríṣi méjì tàbí mẹ́ta. Kí á mú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣáásì dání, kí á sì mú ògbólógbòó gásíkẹ́ẹ̀tì náà lọ. Kí á tẹ́ tuntun lé ògbólógbòó lórí, kí á wo ohun mẹ́rin: ihò afẹ́fẹ́, ihò omi, ihò bóòtì, àti bó ti nípọn tó. Bí ihò afẹ́fẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì bá kéré ju ẹnu mánífóòdù lọ, ó ti fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ti nínípọn náà kì í ṣe eré. Lára ẹ́ńjìnnì onílẹ́tà V, mánífóòdù jókòó sáàárín tọ́ọ̀pù sìlíńdà méjì bí ìkòkò lórí àdògán; bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá nípọn jù, ìkòkò yóò ga jù, ẹnu kò sì ní í kan ẹnu mọ́.

Kí á tún mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan dà bíi páálí líle. Àwọn kan jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà bò. Àwọn kan sì jẹ́ rọ́bà nìkan, tó ń wọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí ẹnu mánífóòdù oníke. Ohun tí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì bá yàn ni kí á rà. A kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nítorí pé ó wọ́n tàbí pé ó pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá sì ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, kí ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yìí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀, tí ọwọ́ tó o. Ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e sínú mọ́tò tán, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lè di iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun mẹ́ta ni mo lòdì sí. Àkọ́kọ́ ni lílo ògbólógbòó padà; ó ti tẹ̀ mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní í tẹ̀ mọ́. Èkejì ni gígé páálí bísíkíìtì fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì. N kò bá àwọn tó ń gé e láti ara páálí gásíkẹ́ẹ̀tì gidi tí wọ́n ń tà lọ́jà jà, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì náà ń lò. Ọgbọ́n ọwọ́ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù kì í bá pẹtiróòlù rẹ́: epo yóò sọ ọ́ di rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀, èyí tó bá pọ̀jù yóò já sínú ẹ́ńjìnnì. Kìkì ibi tí ìwé mọ́tò bá sọ pé kí á fi sí, bí igun tí ojú ìdè méjì ti pàdé, ni kí á fi sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti dá lóró. Ní Amẹ́ríkà, láti àárín ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, General Motors fi gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ike ṣe ìdí rẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì V6 wọn onílítà 3.1 àti 3.4. Púpọ̀ nínú wọn ń jò, omi ń bọ́ síta, ó sì ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Àwọn oníbàárà gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ náà sì di ìlàjà ní 2008, tí ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san owó padà fún àwọn tó tún mọ́tò wọn ṣe. Àwọn tó ń ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì fún títà sì fi irin rọ́pò ike náà. Bí àwọn tó ṣe mọ́tò gan-an bá lè jìyà lórí ohun tí wọ́n fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, ta ni àwa tí a fẹ́ fi páálí bísíkíìtì yanjú rẹ̀?

Bí a ti ń dè é

Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù pátápátá, nítorí alumíníọ̀mù tó gbóná ń wọ́ bí a bá tú u. Kí á tú orí bátìrì. Bí omi bá ń gba mánífóòdù kọjá, kí á fa omi rédíétọ̀ sílẹ̀. Kí á sàmì sí gbogbo rọ́bà àti wáyà kí á tó yọ wọ́n. Bí a bá ń tú bóòtì, ìpẹ̀kun méjèèjì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ bọ̀ sí àárín, díẹ̀díẹ̀, kí mánífóòdù má baà tẹ̀.

Nígbà tó bá ṣí, kí á fi àkísà dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí á sì ka àkísà náà, kí iye tó wọlé lè jẹ́ iye tí yóò jáde. Kí á fi igi tàbí ike há ojú irin. Ọ̀bẹ àti síséèlì ń fa alumíníọ̀mù ya, ojú ọgbẹ́ náà ni afẹ́fẹ́ yóò gbà. Bí mọ́tò bá ti pẹ́, kí á fi omi tàbí ọ́ìlì díẹ̀ rin ògbólógbòó gásíkẹ́ẹ̀tì kí á tó há a, nítorí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí á gbé irin rúlà tó tọ́ lé ojú mánífóòdù, kí á wo abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti tẹ̀ ju bí ìwé rẹ̀ ti gbà lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n gbé e lọ rẹ́.

Kí á wá kó àkísà jáde, kí á to gásíkẹ́ẹ̀tì sí i bí ihò rẹ̀ ti wí, kí á fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtì wọlé kí sípánà tó kàn wọ́n. Dídè ni òdì kejì títú: láti àárín ni a ti ń lọ sí ìpẹ̀kun. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta ni a fi ń dè é, a kì í dì í pa lẹ́ẹ̀kan. Sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tí ń sọ iye agbára tí a fi yí i, ni kí á fi parí rẹ̀. Iye ti mọ́tò kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí bóòtì mánífóòdù rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 8, iye náà máa ń wà ní àyíká 20 Nm, ti oníke sì sábà máa ń kéré sí i. Agbára yìí kò tó nǹkan lápá ọkùnrin tó gbójú. Ìdí nìyí tí dídì pa fi ń ya ike, tó sì ń bọ́ ẹyín ihò bóòtì.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Ẹ ti kà á tán. Ṣé Yorùbá ni àbí kì í ṣe Yorùbá? N kò wá ọ̀rọ̀ ajẹmọ́-àdììtú kankan láti fi rọ́pò gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí bóòtì. Àwọn mẹkáníìkì ti sọ wọ́n di Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Ẹ wo "sílò", tí wọ́n yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì sọ di orúkọ fún bí ẹ́ńjìnnì ti ń mí lórí ìdúró. Ẹ wo "nọ́ọ̀kì", tó di ọ̀rọ̀-ìṣe fún ikú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni wọn kò ní. Ohun tí wọn kò ní ni àkọsílẹ̀. Ọ̀gá á sọ fún ọmọọṣẹ́ pé, "Dì í dáadáa," ìwé á sọ pé 20 Nm, láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun. Láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni ẹ́ńjìnnì ti ń kú.

Àwọn baba wa nínú ìmọ̀ yìí ti ṣe tiwọn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, fún wa ní orúkọ fún ohun èlò gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi hàn pé ọmọ lè kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ìmọ̀ náà fi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, tí kò dé abẹ́ igi tí mẹkáníìkì ń jókòó sí?

Àwọn kan yóò sọ pé mẹkáníìkì kì í kàwé. Èmi kò gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọọṣẹ́ tí mo ti bá sọ̀rọ̀ ló ń ka Yorùbá. Ẹni tí kò bá lè kà á lè gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àìsówó ló ń mú ènìyàn ra gbàrọgùdù. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó gan-an ni kò lágbára láti ra ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá mọ ohun tó ń rà, yóò ná owó kékeré rẹ̀ síbi tó yẹ.

Nítorí náà, àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ wa ṣe ìwé olójú-ewé kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ti gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù jẹ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú àwòrán àti nọ́ńbà bóòtì ní ẹsẹẹsẹ, irú èyí tí ènìyàn lè lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi èdè àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fojú òun pé kò rí oríkì tàbí ìjálá kọ lé lórí wò ó. Kí á sì lọ bá àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, nítorí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Kí wọ́n ka ohun tí a bá kọ, kí wọ́n tún un ṣe, kí á tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mẹkáníìkì mọ irin, àwa mọ ìwé kíkọ. Iṣẹ́ kù sílẹ̀ fún wa láti ṣe pọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á sùn lé e lórí.